Sáfà Ti Dúró, Owó Ṣì Ń Lọ: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Tí A Bá Tẹ Stop Lórí Cloud

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa cloud ni pé kọ̀ǹpútà onílé-iṣẹ́ kan la ń yá lò, bí a bá sì ṣe lò ó tó la ó ṣe sanwó tó. Òótọ́ ni. Àṣìgbọ́ tó ń tẹ̀ lé e ló ń kó èèyàn sí gbèsè: pé tí a bá ti tẹ stop, owó parí nìyẹn.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a yá yìí, kì í sábà jẹ́ odindi ẹ̀rọ. Sọ́fútíwíà kan tó ń jẹ́ hypervisor ló ń pín ẹ̀rọ ńlá kan sí wẹ́wẹ́. Ó lè fún ẹnì kan ní vCPU 2 (ìpín agbára ìṣirò) àti RAM 8 GB (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), kó fún ẹlòmíràn ní vCPU 4 àti 16 GB, wọn ò sì ní rí ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni virtual machine, ìyẹn VM. Ṣùgbọ́n díìsìkì VM náà kì í sábà sí nínú ẹ̀rọ yẹn rárá. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí iṣẹ́ wọn kò ju ìtọ́jú dátà lọ ló gbé e dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló so méjèèjì pọ̀. EBS ni wọ́n ń pè é lórí AWS, cloud ti Amazon; Managed Disk ni ti Azure, cloud ti Microsoft.

Ọgbọ́n ńlá ni yíyà tí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀ yìí. Bí ẹ̀rọ tí VM ń lò bá bàjẹ́, díìsìkì ò bá a kú; orí ẹ̀rọ mìíràn la ó ti tan VM náà, dátà á sì wà bó ṣe wà.

Ṣe ló dà bí òtẹ́ẹ̀lì tí yàrá àlejò wà lọ́tọ̀, tí ibi ìkẹ́rùsí náà sì wà lọ́tọ̀, tí kálukú ní owó tirẹ̀. Ẹni tó tẹ stop ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, owó yàrá dúró. Ẹrù ṣì wà níbi tó wà, owó rẹ̀ ń gùn. Wọ́n lè fi àlejò mìíràn sí yàrá yẹn kíákíá, nítorí náà ẹni tó bá padà dé lè gba yàrá tuntun, tàbí kó bá gbogbo yàrá ní kíkún. Ìdí nìyẹn tí AWS fi máa ń gbé InsufficientInstanceCapacity, ìyẹn pé àyè ò sí, jáde nígbà mìíràn tí a bá tẹ start. Kí a dúró díẹ̀ tún gbìyànjú, tàbí kí a yan irú VM mìíràn. Tí a bá fẹ́ lọ sí zone mìíràn, ìyẹn ilé ẹ̀rọ mìíràn ní agbègbè kan náà, àfi kí a ya snapshot (ẹ̀dà) díìsìkì náà, ká fi dá tuntun síbẹ̀, nítorí díìsìkì EBS kì í kúrò ní zone tí wọ́n dá a sí.

Ẹ wo bílì náà. Ní region (agbègbè tí àwọn ilé ẹ̀rọ wà) AWS tó wà ní Virginia, sẹ́ǹtì 8 ni díìsìkì gp3, irú EBS kan, lórí GB kan lóṣù. Díìsìkì 100 GB jẹ́ dọ́là 8, ì báà ṣófo, torí ìwọ̀n tí a béèrè ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tí a lò. Àdírẹ́sì IPv4 (nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń rí sáfà) tí a fi pamọ́, Elastic IP, ń jẹ ìdajì sẹ́ǹtì ní wákàtí kan. Ní wákàtí 730, dọ́là 3.65 nìyẹn.

Ti Azure tún burú sí i. Tí a bá pa VM láti inú Windows tàbí Linux rẹ̀, Stopped ni wọ́n máa kọ, owó VM náà á sì máa lọ gan-an bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí yàrá ṣì wà lórúkọ wa. Àfi kó di Stopped (deallocated), ìyẹn pé a ti dá yàrá padà, èyí tí bọ́tìnnì Stop inú portal, ojú ìwé ìṣàkóso Azure, ń ṣe. Kò yẹ kí ohun méjì tí owó wọn jìnnà síra tó báyìí jọ máa jẹ́ orúkọ tó fara jọra bẹ́ẹ̀.

Terminate, ìyẹn pípa VM rẹ́ pátápátá, gan-an kì í kó gbogbo rẹ̀ lọ. Lórí AWS, díìsìkì tí VM fi ń tan máa ń bá a parẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn náà á ṣẹ́ kù, á máa jẹ́ available, ìyẹn pé kò so mọ́ VM kankan. Inú Volumes, Snapshots àti Elastic IPs ni kí a ti wá àṣẹ́kù wọ̀nyí, ní region kọ̀ọ̀kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, nítorí region kan ṣoṣo ni ojú ìwé Volumes ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan.