Ọyẹ́ Kì Í Di Omi, Àmọ́ Ó Ń Pa Yìnyín Mọ́

Ọmọ tó bá gbé abọ́ omi síta sùn nígbà ọyẹ́ ní Jos, tó ń retí yìnyín láàárọ̀, omi náà ni yóò bá. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, òtútù ìdájí rẹ̀ sì ń wọ egungun lóṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n omi kì í dì àfi tó bá tutù dé òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe yìnyín ọ̀ṣọ́, ìyẹn yìnyín tó ní òdòdó tàbí ewé nínú, tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ igi, fírísà ni yóò fi di omi rẹ̀. Iṣẹ́ ti ọyẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí yìnyín tètè yọ́.

Ṣé ẹ ti rí i bí ife omi tútù ṣe máa ń làágùn nígbà òjò? Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń sẹ̀ sí i lára bí ìrì. Tó bá sẹ̀ sára yìnyín, ooru ló gbé wá: gíráàmù 1 irú ìrì bẹ́ẹ̀ lè yọ́ yìnyín tó bíi gíráàmù 7. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní tirẹ̀, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, gbígbẹ ni, kò ní ìrì tí yóò sẹ̀. Ṣe ló tún ń fa omi kúrò lára yìnyín, omi tó ń gbẹ lọ náà sì ń gbé ooru lọ. Ohun kan náà ló ń mú ọmọ gbọ̀n tó bá jáde nílé ìwẹ̀ láìnu ara. Ìdí nìyẹn tí yìnyín tí wọ́n so sábẹ́ igi gúáfà ní ìdájí ọyẹ́ fi ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n so lóṣù Kẹjọ lọ.

Láti di omi yìnyín ọ̀ṣọ́ náà, abọ́ ike tàbí kọ́ọ̀bù ike ló dára. Ìgò kò dára rárá, torí omi máa ń wú tó bá dì, bíi ìdá 9 nínú 100, ìgò tó kún á sì là. Omi ìdajì ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù, kó dì, kí wọ́n tó to òdòdó tàbí ewé lé e lórí, kí wọ́n sì bu ìyókù sí i. Bí wọ́n bá da gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan, òdòdó á léfòó. Orí okùn tí wọ́n máa fi so ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi kó tó dì.

Èyí tó rẹwà jù ni omi ìṣápá pupa, tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Etí ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, bó sì ṣe ń dì ló ń ti ohun tó pò mọ́ ọn síwájú. Àwọ̀ pupa á sá lọ sí àárín, etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní àwọ̀ kankan. Afẹ́fẹ́ inú omi náà ń sá bẹ́ẹ̀, òun ló ń fa funfun bíi kùrukùru tó máa ń wà láàárín yìnyín.

Láti lẹ yìnyín méjì pọ̀, ẹ̀kán omi kan ti tó bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà: òtútù ara wọn, tó lè tó ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, á dì í kíákíá. Ahọ́n ọmọdé kò gbọ́dọ̀ kàn án lásìkò yẹn, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Tí oòrùn bá dé abẹ́ igi, àyíká òdòdó tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ́, torí ohun dúdú ń gba oòrùn sára ju yìnyín tó mọ́ gaara lọ. Eruku ọyẹ́ tó bà lé e náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ á máa jìn wọnú díẹ̀díẹ̀, títí òdòdó yóò fi já bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ.