Dáínósọ̀ tó bá sá kúrò lọ́gbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Sísá tí dáínósọ̀ bá sá kúrò nínú ọgbà tí wọ́n ti ń sìn ín jẹ́ ọ̀ràn àfinúrò tí a lè fi yẹ ìgbáradì orílẹ̀-èdè òde òní wò. Kò ṣẹlẹ̀ rí níbikíbi, nítorí pé yàtọ̀ sí ẹyẹ, kò sí dáínósọ̀ kankan tó kù láyé. Síbẹ̀, àwọn ẹranko ńlá mìíràn ti sá lọ́gbà rí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn kan sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àwọn ènìyàn títí di òní, tó fi jẹ́ pé ìdáhùn sí ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè tó rọ̀ mọ́ ọ̀ràn yìí ti wà nílẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Nàìjíríà, ni a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí pé ìlú ńlá, òpópónà márosẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ àti ẹgàn tí erin ṣì ń gbé kò jìnnà síra wọn níbẹ̀.

Ipò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì

Richard Owen, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ẹ̀yà ẹranko yìí ní orúkọ tó ń jẹ́ ní ọdún 1842. Gbogbo wọn, àyàfi ìran tó di ẹyẹ, ló pa run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Adìẹ àgbàlá, àwòdì àti ògòǹgò jẹ́ ọmọ ìran dáínósọ̀, ìbátan yìí sì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe lè mú wọn. Ìwádìí tó jáde ní 2012 lórí egungun moa, ẹyẹ ńlá ilẹ̀ New Zealand tó ti run, fi hàn pé DNA, ohun tó ń gbé àbùdá ẹ̀dá, tó wà nínú àwọn egungun náà ń dín sí ìdajì láàárín ọdún 521. Bí a bá fi ìṣirò yẹn wo mílíọ̀nù 66 ọdún, kò jọ pé ìyókù kankan lè wà tí a ó fi dá ẹranko náà padà sáyé.

Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù fún sìmẹ́ńtì jẹ́ ara ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ewékorò. Abẹ́ òkun ló ti dì, lẹ́yìn tí dáínósọ̀ ti run tán, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni retí egungun wọn nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, tó bá Nàìjíríà pààlà ní àríwá, ni wọ́n ti hú egungun àwọn dáínósọ̀ bíi Ouranosaurus, Suchomimus àti Nigersaurus.

Ìtóbi àti ìṣesí

Tyrannosaurus rex ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ó gùn tó mítà 12, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 8. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí egungun àti iṣan rẹ̀, tó jáde ní 2002 àti 2017, fi hàn pé kò jọ pé ó lè sáré púpọ̀. Ti 2017 fi ìyára rẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, ọ̀kadà lásán yóò sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹranko tó tóbi tó báyìí kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí ní ilẹ̀ tí abúlé pọ̀ sí: ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò hàn nínú ẹrẹ̀, igi yóò ṣẹ́ níbi tó bá gbà kọjá, òórùn ẹran tó bá pa yóò sì júwe rẹ̀.

Àwọn tó kéré ni ìṣòro wọn yóò pẹ́ nílẹ̀. Velociraptor kò ju tòlótòló ńlá lọ, ìyẹ́ sì bò ó, gẹ́gẹ́ bí àpá ìdí ìyẹ́ tí a rí lára egungun apá rẹ̀ ní 2007 ti fi hàn. Compsognathus, tí a hú egungun rẹ̀ ní Jámánì àti Faransé, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju àkùkọ lọ. Ẹyin ni dáínósọ̀ ń yé. Bí irú èyí bá wọ oko obì ní Rẹ́mọ ní ìgbà òjò, nígbà tí koríko bá ga, tí takọtabo sì wà nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí ó tó ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó ka iye wọn, nígbà náà iye tó sá lọ́gbà kọ́ ni yóò wà nínú igbó mọ́.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó jọ ọ́

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2015, omíyalé wó ọgbà ẹranko Tbilisi ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè Georgia. Wọ́n fi ìbọn abẹ́rẹ́ kun erinmi kan lóorun láàárín ìgboro, ṣùgbọ́n tígà kan tó fara pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rù pa ọkùnrin kan ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ní Zanesville, Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ni ọgbà tú ẹranko bíi 50 sílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2011. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní Jos, ní Oṣù Kejìlá 2015, kìnnìún kan jáde kúrò nínú àgọ́ rẹ̀, ìbọn náà ló sì pa á.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì mìíràn fi ohun tó ń tẹ̀ lé e hàn bí ẹranko bá pọ̀, tó sì ráyè fọ́n ká. Ní 1932, ìjọba Ọsirélíà rán sójà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò ọta méjì àti ọta 10,000 sí àwọn ẹyẹ emu tó ń ba oko àlìkámà jẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Àwọn ẹyẹ náà pín ara wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, wọ́n sá gba inú ìgbẹ́ lọ, àwọn sójà sì padà sílé nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì wà láàyè. Níwọ̀n bí ẹyẹ ti jẹ́ ìran dáínósọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló yẹ kí aláṣẹ kọ́kọ́ kà. Ní Kòlóńbíà, Pablo Escobar, ọ̀gá àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró, kó erinmi mẹ́rin wá sí ọgbà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Lẹ́yìn tó kú ní 1993, wọ́n fi àwọn ẹranko náà sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì bí sí i lẹ́bàá odò Magdalena títí wọ́n fi ju 100 lọ. Ìjọba ibẹ̀ kà wọ́n sí ẹ̀yà àjèjì tó ń pa ilẹ̀ lára ní 2022.

Igbó Ọmọ àti ìmọ̀ àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ erin

Igbó Ọmọ, ní ìhà ìlà-oòrùn àti àríwá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni ibi tí ẹranko tó bá sá yóò ti lè pẹ́ jù lọ. Ọdún 1925 ni wọ́n fi í ṣe igbó ọba, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 130,000 hẹ́kítà. Ní 1946 wọ́n ya apá kan tó jẹ́ 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, UNESCO sì fi gbogbo igbó náà sínú ètò àwọn ibi àdánidá àgbáyé ní 1977. Kì í ṣe ẹgàn nìkan ló kù níbẹ̀ mọ́. Oko kòkó, oko igi gmelina, ibùdó àwọn agégi àti abúlé bíi ti J4 wà káàkiri inú rẹ̀. Síbẹ̀ erin ẹgàn ṣì ń gbé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ wọn gbà pé wọn kò pọ̀ mọ́.

Erin yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù lọ fún ọ̀ràn tí à ń sọ. Ẹranko tó wúwo ní tọ́ọ̀nù mélòó kan ń rìn nínú igbó yìí, ó sì lè pẹ́ gan-an kí ẹni tó ń kọjá ní òpópónà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ tó fojú kàn án. Àwọn aṣọ́gbó, tí àwọn kan nínú wọn ti ṣe ọdẹ rí, ń mọ ibi tó wà nípa imí rẹ̀ bóyá ó tutù tàbí ó ti gbẹ, nípa èso tó jẹ kù, nípa èèpo igi tó họ, àti nípa bí omi ṣe dúró sínú ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ń so kámẹ́rà mọ́ igi lójú ọ̀nà tí erin ń gbà. Kò sí ìkankan nínú ọgbọ́n wọ̀nyí tí kò ní ṣiṣẹ́ fún dáínósọ̀ ńlá. Bí ìjọba bá rán àwọn ọmọ ogun wọ Igbó Ọmọ láìsí irú àwọn ènìyàn yìí níwájú wọn, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn sójà Ọsirélíà tún ṣẹlẹ̀.

Ti oúnjẹ náà ṣe kókó. Erin kan lè jẹ tó 150 kìlógíráàmù ewé, èèpo àti èso lóòjọ́, nígbà tí igbó kò bá sì tó o mọ́, ó ń yà sí oko. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú ti fẹjọ́ sùn pé erin jẹ ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Dáínósọ̀ ajewéko tó tóbi ju erin lọ yóò tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, àwọn tó ń ṣe gàrí ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ń so ilé oyin yí oko ká nítorí pé erin ń sá fún oyin. Bóyá awọ dáínósọ̀ yóò ka títa oyin sí tàbí kò ní kà á sí jẹ́ ohun tí a ní láti dán wò kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Erédò gẹ́gẹ́ bí ìdènà

Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi tí àwọn baba ńlá wà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, gùn tó 160 kìlómítà, ó sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ Bílíkísù Súngbọ́, tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì. Erin kì í fò, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wa yàrà dí i lọ́nà oko ní Íńdíà. Ìṣirò kan tó jáde ní 1995 sì dábàá pé bí Tyrannosaurus bá ṣubú níbi tó ti ń sáré, ó lè pa á. Ní ti èrò lásán, nígbà náà, ibi tí Erédò bá ṣì jìn lè dá ẹranko ńlá dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ti gé e kọjá níbi púpọ̀, erùpẹ̀ sì ti ya dí àwọn ibì kan. Fún àwọn kéékèèké, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ìsàlẹ̀ yàrà náà tutù, igi ṣíji bò ó, àwọn ènìyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀, débi pé ibùyẹ́yin ni yóò jẹ́ fún wọn.

Ìlú, ọ̀nà àti àwọn aláṣẹ

Oríta Ṣágámù, níbi tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó lọ sí Benin, ni ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tì pa. Àjọ NEMA, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1999, ló ń mójú tó àjálù fún ìjọba àpapọ̀. Ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 àti àwọn ọdẹ ìlú lábẹ́ Olúọ́dẹ ni yóò tètè dé ibẹ̀. Ọta ṣakabùlà kò lè wọ ara ẹranko tọ́ọ̀nù mẹ́jọ dé ibi tí yóò pa á, àwọn ọdẹ fúnra wọn sì mọ̀ pé ẹran tó gbọgbẹ́ léwu ju èyí tí a kò tíì ta lọ́fà lọ.

Òògùn tí wọ́n ń lò láti kun erin lóorun, etorphine, lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a mọ̀ fún erin kò ṣeé gbé fún dáínósọ̀ láìronú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ara bí ti ẹyẹ, nítorí náà dókítà ẹranko tó ti kun ògòǹgò lóorun rí ní ìmọ̀ tó súnmọ́ ọn jù. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú, ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Fún ìkéde, rédíò, akéde ìlú àti gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì yóò dé àwọn abúlé oko tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé.

Òfin

Òfin Nàìjíríà ti 1985 lórí òwò àwọn ẹranko tó ń run lọ ní àtẹ orúkọ tirẹ̀, dáínósọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin àjogúnbá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń sin ẹranko búburú ló ni ìjìyà ohun tí ẹranko náà bá bàjẹ́, yálà ó ṣe àìbìkítà tàbí kò ṣe é. Àgbẹ̀ tí dáínósọ̀ bá jẹ oko rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè mú olọ́gbà lọ sí kóòtù. Èyí tí oko rẹ̀ bá bọ́ sẹ́nu àwọn ọmọ tó ti inú ẹyin jáde nínú Igbó Ọmọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn tí erin ń jẹ oko wọn lónìí, tí kò sí olówó ẹran tí wọn yóò pè lẹ́jọ́.