Ìyẹ̀fun ló ń gbé lẹ́tà ọba Páṣíà

Ọ̀nà ọba Páṣíà ayé àtijọ́, láti Sádísì, ní ilẹ̀ tá a ń pè ní Tọ́kì lónìí, dé Súsà ní Ìránì, ìyẹn Ṣúṣánì inú Bíbélì, tó nǹkan bí 2,500 kìlómítà. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, ka ibùdó ìsinmi 111 lójú ọ̀nà náà. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín á lo 90 ọjọ́. Oníṣẹ́ ọba kan ṣoṣo kì í rìn ín tán. Ìrìn ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Tó bá ti parí, á fi lẹ́tà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, onítọ̀hún á sì fò sórí ẹṣin tó ti sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ebi ń pa kò lè sáré, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn náà kò sì lè ru ìyẹ̀fun tó máa jẹ fún oṣù mẹ́ta. Inú àká ni iṣẹ́ wà. Ní 1933, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Chicago hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wàláà amọ̀ jáde ní Persepolis, ìlú ààfin ọba Páṣíà: ìwé àká ni wọ́n, láti ayé Ọba Dáríúsì Kìíní, ọdún 509 sí 493 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ mú ẹyọ kan nínú ti àwọn arìnrìn-àjò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iye ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kó o sílẹ̀, ẹni tó gbà á, ibi tó ń lọ, àti ẹni tó fún un ní ìwé onídìdì tó fi ń rìn. Nǹkan bíi líta kan àtààbọ̀ lóòjọ́ ni ti ọ̀gá, líta kan ni ti ìránṣẹ́. Olùṣọ́ àká á tẹ èdìdì tirẹ̀ sí etí òsì, ẹni tó gbà á á tẹ tirẹ̀ sẹ́yìn, kí amọ̀ tó gbẹ. Persepolis ni wọ́n ti ń fi í ṣírò ohun tó jáde.

Ohun tó ń ba irú ètò báyìí jẹ́ ni arìnrìn-àjò tó rí ibi tí oúnjẹ ti pọ̀ tó wá jókòó tì í. Arshama, tó ń ṣàkóso Íjíbítì fún ọba Páṣíà, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sórí awọ kí Nakhthor, alábòójútó ohun ìní rẹ̀, lè fi rìnrìn àjò, ó ka oúnjẹ òòjọ́ tí wọ́n á máa fún Nakhthor: òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun funfun méjì, oríṣi mìíràn mẹ́ta, wáìnì tàbí ọtí ọkà méjì, àgùntàn kan, koríko fún ẹṣin. Ó wá fi kún un pé bó bá lò ju ọjọ́ kan lọ níbì kan, kí wọ́n má fún un ní àfikún oúnjẹ fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kò sí pàṣán tó tó gbólóhùn yìí. Ebi ni yóò lé e padà sójú ọ̀nà.

Nehemáyà náà mọ ètò yìí. Ẹ wo orí 2, ẹsẹ 7: kó tó kúrò ní Ṣúṣánì ló ti tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ ọba sí àwọn gómìnà ìhà kejì Odò, ìyẹn Yúfírétì, kí wọ́n lè jẹ́ kó kọjá títí dé Júdà.