Bí ewé Akintọ́lá ṣe ń gba ilẹ̀ ìwakùsà, àti bí ẹranko ṣe ń padà síbẹ̀

Ibi tí katakata ti wa ilẹ̀ pupa fún iṣẹ́ ọ̀nà, tàbí tí àwọn awakùsà ti gbẹ́ ilẹ̀ wá òkúta tí wọ́n sì bá tiwọn lọ, kì í pẹ́ tó fi ń hu ewé. Òjò kan, òjò méjì, ó ti yọ. Tó bá di ọdún kejì, ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìkòyí tàbí ọ̀nà Ìgbẹ́tì jáde kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ á rò pé igbó ti padà, torí ibẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀. Kó sọ̀ kalẹ̀ kó wò ó dáadáa. Igbó kọ́ nìyẹn. Ewé kan ṣoṣo ló gba gbogbo ilẹ̀.

Já ewé náà, rún un mọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á ta sí ọ nímú. Iṣan mẹ́ta ló ya láti ìdí rẹ̀ bí ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Ewé Akintọ́lá ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Àsìkò òṣèlú ayé ọjọ́un ni àwọn àgbà fi ń rántí ìgbà tó bo oko wọn, nígbà tí S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, àkọsílẹ̀ sì sọ pé àárín irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Síríláńkà ní 1937 ló bá wọ Nàìjíríà. Àgbẹ̀ máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, oore tó ṣe nìyẹn. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kùsà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Láti mọ ìdí tó fi ń gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá kòtò ni kí èèyàn wò. Lókè pátápátá, erùpẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, kò nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ. Inú rẹ̀ ni ekòló wà, inú rẹ̀ ni gbòǹgbò koríko àti kóró igi tó ń dúró de òjò wà. Lábẹ́ rẹ̀, pupa ni, yangí ni, kò sí ohun kan tó ń mí níbẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú yẹn ni katakata kọ́kọ́ ń gbá dànù. Ohun tó kù á le bí òkúta, omi òjò kò ní lè wọ inú rẹ̀, á di ọ̀gbàrá, oòrùn á sì máa yan án.

Ta ló lè hù níbẹ̀? Kóró igbá tí a fi ń ṣe irú tóbi, kóró èmi tí a ti ń yọ òrí tóbi jù ú lọ. Wọn kò lè fò. Ẹranko, àdán tàbí èèyàn ló gbọ́dọ̀ gbé wọn débẹ̀. Kóró ewé Akintọ́lá ní tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, kò gùn tó hóró ìrẹsì, irun funfun sì wà lórí rẹ̀ bí òwú. Tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ á gbé e. Ó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń lẹ̀ mọ́ irun màlúù, ó ń bá tapólì orí típà dé ibi tí típà ń lọ. Jọ́gbọ́, tó ń yọ òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́bàá títì láti nǹkan bí oṣù kẹwàá, tó sì jẹ́ pé Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni ìlú rẹ̀, ń tẹ̀ lé ọ̀nà mọ́tò bákan náà. Nítorí náà, kì í ṣe ewé àjèjì ló lé igbó lọ níbi ìwakùsà. Àwọn tó wa ilẹ̀ ti lé igbó lọ kí ewé náà tó dé. Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́ á kàn máa ro ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún ni.

Tó bá ti dé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Á ṣíji bo koríko kéékèèké títí wọn á fi kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi rẹ̀ á gbẹ, iná ìgbẹ́ á wá débẹ̀. Iná koríko lásán máa ń sáré kọjá ni, àmọ́ iná ewé Akintọ́lá ń ga, ó ń pẹ́, ó sì ń jó igi kékeré pa. Ìdí tirẹ̀ kì í kú. Òjò àkọ́rọ̀ báyìí, ó ti rú. Ìyẹn ni pé iná kọ̀ọ̀kan ń fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ fún un. Ọ̀yà kì í jẹ ẹ́, koríko ni ọ̀yà ń wá. Màlúù kì í fẹnu kàn án. Àparò kò rí ojú ilẹ̀ tí yóò rìn. Tata aláwọ̀ mèremère tó ń run ẹ̀gẹ́ nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀: abẹ́ rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, olóko ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì ń jìyà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún irú ilẹ̀ yìí ṣe? Ilẹ̀ ló ṣáájú, ewé ló tẹ̀ lé e. Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 ti fi dandan lé e pé kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ wa kùsà tún ilẹ̀ náà ṣe, kí ó sì máa dá owó sílẹ̀ fún un. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ kòtò ló jẹ́ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò gba ìwé kankan, kò sì sẹ́ni tó lè mú un. Níbi tí iṣẹ́ bá ti rí bó ṣe yẹ, wọ́n á ti kó erùpẹ̀ dúdú jọ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, òkìtì rẹ̀ kò ní ga jù, kò sì ní pẹ́ jù, torí ohun alààyè inú rẹ̀ ń kú. Wọ́n á dí kòtò, wọ́n á fi ẹnu katakata ya ilẹ̀ tó le jinlẹ̀ kí omi lè wọ̀ ọ́, wọ́n á da erùpẹ̀ dúdú lé e padà, wọ́n á sì kọ ebè ní ìbú òkè kí ọ̀gbàrá má gbá a lọ. Kòtò tí omi ti kún tí wọn kò lè dí, wọ́n á dẹ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kí ẹranko lè rìn sọ̀ kalẹ̀ mumi kó sì gòkè padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ewé kàn. Àdá nìkan kò ran Akintọ́lá. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń hú ìdí rẹ̀ nígbà tí òjò ṣì mú ilẹ̀ rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣáájú ìgbà tó máa ń tanná ní ìparí ọdún. Oògùn tí wọ́n ń fín pa koríko yá ju ọkọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń pa èyí tí a fẹ́ mọ́ èyí tí a kò fẹ́, mi ò sì rò pé ó yẹ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ní Gánà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n tú kòkòrò kan tó ń jẹ ewé náà sílẹ̀, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Jọ́gbọ́ ní tirẹ̀ ní oúnjẹ fún ilẹ̀: tí wọ́n bá gé e kó tó so, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ebè, ó ń jẹrà kíákíá, ó sì dára bí ìgbẹ́ ẹran.

Ilẹ̀ tí wọ́n ro kò gbọdọ̀ sùn ní ìhòòhò. Koríko ilẹ̀ wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún, irú bíi bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin Ọ̀yọ́ nígbà àtijọ́, pẹ̀lú òtílí, tó ń fi gbòǹgbò rẹ̀ bọ́ ilẹ̀. Láàárín wọn ni wọ́n á gbin àyin, apá, igbá, èmi àti ọ̀pọ̀tọ́. Ọ̀pọ̀tọ́ ṣe pàtàkì, torí èso rẹ̀ ń pe ẹyẹ àti àdán. Àwọn kan tiẹ̀ ń ri òpó gbígbẹ mọ́lẹ̀ káàkiri kí ẹyẹ lè bà lé e: ẹyẹ tó bà á yàgbẹ́, kóró igi á jáde nínú ìgbẹ́ náà, igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn á hù nídìí òpó. Ẹyẹ kò mọ àlejò yàtọ̀ sí ọmọ onílẹ̀ ṣá, kóró dóńgóyárò náà wà nínú ohun tó ń gbé wá, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣa ìdí òpó wò.

Ikán àti èèrà ló ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀gà àti àparò á tẹ̀ lé e nítorí kóró koríko, lẹ́yìn náà ọ̀yà àti ehoro. Ìgalà àti ẹtu ń fẹ́ ibi ìsápamọ́ àti ìdákẹ́jẹ́. Agbègbè Oríire àti Ìgbẹ́tì ní àǹfààní kan tí ibòmíràn kò ní: ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, wà nítòsí wọn. Ẹranko ń bẹ níbẹ̀ tó lè rìn wá, bí igbó kéékèèké bá so ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe mọ́ ọn, tí pàkúté kò sì dúró dè é lójú ọ̀nà.

Kí ọyẹ́ tó dé lọ́dọọdún, wọ́n ń ro ọ̀nà gbàgbàdà yí ibẹ̀ ká kí iná má lè ré e kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, wọ́n ń hú ọmọ Akintọ́lá tó tún yọ. Iṣẹ́ yìí ló ń fẹ́ sùúrù jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ pa tì nígbà tí owó bá tán. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ títí orí àwọn igi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, torí ewé Akintọ́lá kì í gbádùn òjìji.