Bí Áyódíìnì àti Bàbà Inú Oúnjẹ Abo Àgùntàn Ṣe Ń Kan Ọmọ Tó Fẹ́ Bí

Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni oyún àgùntàn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 6 tó kẹ́yìn ni ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà jù. Ohun tí ìyá bá jẹ lásìkò náà, tàbí tí kò rí jẹ, ara ọmọ ló ti máa hàn.

Ní Òṣogbo, èèpo ẹ̀gẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí wà lára oúnjẹ ọ̀pọ̀ àgùntàn inú ilé. Ó ń yó ẹran, kò sì wọ́n, àmọ́ oró sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ara àgùntàn ń sọ oró yìí dà kì í jẹ́ kí áyódíìnì, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀ nínú oúnjẹ, ráyè wọ kókó ọrùn tó ń lò ó. Ìyá lè máa jẹun, kí irun rẹ̀ máa dán, kó wá bí òkú ọmọ, tàbí ọmọ aláìlókun tí gẹ̀gẹ̀ ti yọ lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n bá sá èèpo náà kó gbẹ dáadáa, oró rẹ̀ á dín kù. Iyọ̀ ọbẹ̀ inú ọ̀rá, tí òfin Nàìjíríà ní kí áyódíìnì wà nínú rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n bù díẹ̀ sí èèrí. Kán-ún ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kí àgùntàn fẹ́ràn àtilá a tó.

Díẹ̀ ni o, torí àpọ̀jù áyódíìnì náà ń pa ọmọ lára. Èròjà tó ń gbógun ti àrùn kì í gba inú ibi ọmọ kọjá lára àgùntàn, bó tilẹ̀ ń kọjá lára ènìyàn. Inú wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì ní àwọ̀ ìyeyè, ni ọmọ ti ń rí i. Kò ju nǹkan bíi wákàtí 24 lọ tí ìfun rẹ̀ fi ń gbà á wọlé. Àwọn olùwádìí ní Ireland rí i pé bí áyódíìnì bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ ìyá nígbà tí oyún ti gbó, ọmọ lè mu wàrà yẹn yó, kí ìfun rẹ̀ má sì fa èròjà náà. Àṣejù nìyẹn.

Bàbà inú oúnjẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, tún le jù bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣọ̀wọ́n nínú oyún, ọmọ á máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń tún un ṣe. Bó bá pọ̀ jù, inú ẹ̀dọ̀ ìyá ló ń kó jọ sí títí táá fi tú jáde lójijì: ojú á ní àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ á dúdú, ẹran á kú. Ìdí nìyí tí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí bàbà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, kò fi yẹ àgùntàn rárá.

Ọmọ tí kò bá lè dìde mu ọmú fúnra rẹ̀, kí wọ́n fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú fídà láàárín wákàtí mélòó kan tí wọ́n bí i: 50 mílílítà fún kílò kan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa kì í sábà ju kílò méjì lọ.