Bí ère ṣe ń dàwátì lójú gbogbo èèyàn: àwọn ọmọ háìskúù Amẹ́ríkà àti eré Agatha Christie

Eré And Then There Were None wà lára àwọn tí dírámà kíláàbù háìskúù l'Amẹ́ríkà máa ń mú tí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré apààyàn. Agatha Christie ló kọ ọ́, ìwé ló kọ́kọ́ jẹ́ ní 1939, òun náà ló sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tí wọ́n ṣe ní London ní 1943. Èèyàn mẹ́wàá bára wọn ní erékùṣù kan létí òkun Devon, ẹni tó pè wọ́n ò sí ńlé, àfi bí rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn ìpànìyàn sí wọn lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ère sójà kéékèèké mẹ́wàá wà lórí pẹpẹ tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń yáná, tẹ́nì kan bá ti kú, ère kan á dàwátì. Ère yẹn gan-an niṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo eré náà.

Ṣùgbọ́n láìsẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ láti ṣe eré náà, ló ṣáájú. Concord Theatricals, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní àṣẹ yẹn, niléèwé á lọ bá, iye alẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é ni wọ́n á sanwó fún, wọn ò sì gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà láìgbàṣẹ. Ibí ni wọ́n ti máa ń há, torí ipa mọ́kànlá ló wà ńbẹ̀, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́ta péré, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọbìnrin ló sábà máa ń tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dán àwọn ọmọ wò. Tíṣà tó ń darí eré á wá kọ̀wé béèrè bóyá dókítà tó wà nínú eré náà lè jẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ bí eré náà ṣe parí tún wà ńbẹ̀, Christie yí ti inú ìwé padà torí tí gbogbo wọn bá kú bíi tinú ìwé, kò ní sẹ́ni tó máa ṣẹ́kù lórí ìtàgé tó máa ṣàlàyé fáwọn òǹwòran.

Rìhásà á wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká ka eré náà tán, wọ́n á kọ́ ibi tí kálukú máa dúró sí, ọjọ́ kan á wá pé tí ẹnikẹ́ni ò ní mú ìwé dání mọ́.

Ó wá ku ère. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á la ihò tóóró sára pátákó tó dúró bí ògiri lẹ́yìn pẹpẹ yẹn, wọ́n á fi aṣọ dúdú bò ó. Ọmọ kan á wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú òkùnkùn, dúdú látòkè délẹ̀, ìbọ̀wọ́ dúdú lọ́wọ́, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì létí. Ẹni tó kọ́kọ́ kú ni Marston, ọtí onímájèlé ló mu, tíì tí wọ́n bu omi là ló sì wà nínú gíláàsì yẹn ní tòótọ́. Sítéèjì mánẹ́jà, ẹni tó ń sọ ìgbà tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé, á sọ sí ọmọ yẹn létí pé "standby", ìyẹn kó múra sílẹ̀, ọmọ yẹn ò ní mí. Marston á húkọ́, gíláàsì á já bọ́, gbogbo ojú tó wà nínú họ́ọ̀lù á sáré lọ síbẹ̀, "go", ọwọ́ á yọ, ó ti mú ère kan, ó ti wọlé padà, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tọ́wọ́ bá yọ kí gíláàsì tó já, àwọn tó jókòó níwájú ti rí i nìyẹn, tó bá sì pẹ́ jù, òṣèré á máa sọ pé ó ku mẹ́sàn-án nígbà tí mẹ́wàá ṣì wà lórí pẹpẹ! Ìdí nìyí tó fi dáa kí òṣèré kan mọ bí òun ṣe máa rọra kọjá níbẹ̀ kó sì fi ère yẹn sápá ẹ̀wù tí nǹkan bá yíwọ́.

Ti ìbọn, wọn kì í fi ṣeré rárá. Ayédèrú ni, inú àpótí tí wọ́n tì pa ló ń sùn, ẹni tó ń bójú tó ẹrù orí ìtàgé ló ń gbé e fún òṣèré, òun náà ló ń gbà á padà, ìró ẹ̀ á sì ti inú sípíkà jáde.

Tí eré bá parí lálẹ́, tí òbí ń ya fọ́tò níta, ọmọ yẹn á padà sídìí tábìlì ẹrù níbi tí wọ́n ti fi téèpù ya àyè ohun kọ̀ọ̀kan. Ó ń kà wọ́n: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá wà nínú àpò ẹ̀wù ẹni tó ṣe Rogers, ọmọ-ọ̀dọ̀ inú eré náà.