Bí Àwọn Olólùfẹ́ Kọ́míìkì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Dá Akọni Tiwọn Sílẹ̀

Ní ọdún 1933, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, tí wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, gbé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Superman jáde nínú ìwé ìròyìn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Superman ọjọ́ náà kì í ṣe akọni rárá. Tálákà kan ni tó tò síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wá tàn lọ láti fi oògùn dán wò lára rẹ̀. Oògùn náà jẹ́ kó máa ka èrò ọkàn ẹlòmíràn, ó sì sọ ọ́ di ìkà, kí agbára ọ̀hún tó tán lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún un dá tó sì di akọni, wọ́n ta gbogbo ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní 1938, ní 130 dọ́là péré. Láti ìgbà náà, ohun olóhun ni. Olólùfẹ́ tó bá fẹ́ ṣe kọ́míìkì tirẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun olóhun, àfi kó dá akọni mìíràn.

Ọdún 1961 ni Jerry Bails, olùkọ́ yunifásítì kan ní Detroit, bẹ̀rẹ̀ Alter Ego, ìwé ìròyìn fún àwọn olólùfẹ́ akọni. Ní 1963, Larry Herndon, Buddy Saunders àti Howard Keltner ní ìpínlẹ̀ Texas gbé Star-Studded Comics jáde, tó kún fún akọni tí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn dá, bíi Powerman àti Dr. Weird.

Ẹ̀rọ àdàkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò wà lára ohun tó ń pinnu ìrísí akọni. Ayàwòrán a tẹ kálàmù mọ́ bébà tí a tẹ́ lé bébà mìíràn tó ní àwọ̀ elésè àlùkò bí ìda, àwọ̀ náà a sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bébà òkè. Bó bá ṣì í yà, abẹ ló máa fi ha á kúrò. Gbogbo ẹ̀dà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ló ń bù díẹ̀ lára àwọ̀ náà, títí àwòrán yóò fi ṣá. Aṣọ tí ìlà wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ kò lè là á já. Ìdí nìyí tí mo fi gbóríyìn fún Biljo White, ọ̀kan lára àwọn olólùfẹ́ náà, tó ya akọni rẹ̀, The Eye, pẹ̀lú ẹyinjú ńlá kan ṣoṣo dípò orí: bí àwọ̀ ti wù kó ṣá tó, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀.

Ní 1965, ọ̀dọ́ kan láti Bayonne ní New Jersey, George R. R. Martin, kọ ìtàn Powerman fún Star-Studded Comics. Kì í ṣe òun ló dá Powerman. Akọni tí olólùfẹ́ dá ti ní olólùfẹ́ tirẹ̀.